Oòrùn Tí A Ń Dúró Dè ní Bẹẹrẹ

Mo rántí ìgbà tí àwa tí a ń ya fọ́tò ní Bẹẹrẹ máa ń wo ojú ọ̀run kí a tó kí ara wa láàárọ̀. Bí oòrùn bá ràn, a ó ṣiṣẹ́. Bí ojú ọjọ́ bá ṣú, a ó jókòó, a ó máa lé eṣinṣin. Kámẹ́rà ọ̀gá mi jẹ́ àpótí pákó gàgàrà tó dúró lórí ẹsẹ̀ mẹ́ta. Aṣọ dúdú ni ọ̀gá máa ń fi bo orí bó bá fẹ́ wo ẹni tó ń yà, ara awo dígí ni àwòrán sì máa ń bọ́ sí. Kò ní iná tirẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ tó bá gba fèrèsé ńlá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù wọlé ni gbogbo ohun tí a ní. Èmi ni igbákejì ọ̀gá. Mo ti lé lọ́gbọ̀n ọdún, mo ti gbéyàwó, iṣẹ́ mi sì ni láti fi pẹ́ńsù tún ojú ènìyàn ṣe lára dígí náà. Mo ń pa àpá rẹ́, mo ń sọ awọ tó ti hunjọ di jíjọ̀lọ̀. Wọ́n ní láti Mapó dé Ọ̀rányàn kò sí ọwọ́ tó dà bí tèmi. Mo sì gbà wọ́n gbọ́. Ẹni tí wọ́n bá yìn jù kì í tètè mọ̀ bó bá ya òmùgọ̀.

Ọdún díẹ̀ ṣáájú òmìnira, ọkùnrin kan tó ń ta kámẹ́rà gun òkè wá bá wa, ó so táì mọ́rùn, òógùn sì bò ó. Kámẹ́rà tirẹ̀ kéré. Fíìmù tí wọ́n ń ká ló ń lò dípò dígí, gílóòbù kan sì wà lórí rẹ̀ tó ń kọ yẹ̀rì bíi pé mọ̀nàmọ́ná já wọ inú ilé. Ó ti ilẹ̀kùn, ó ti fèrèsé, ó ya ọ̀gá mi nínú òkùnkùn. Nígbà tó mú àwòrán náà padà wá, ojú ọ̀gá hàn kedere, títí kan irun imú.

"Ẹ lè máa san án díẹ̀díẹ̀, sà," ó ní. "Èmi fúnra mi ni n ó kọ́ yín."

"A ó rò ó," ni ọ̀gá wí.

Ọdún méjì gbáko ni a fi rò ó. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé oníṣòwò tó ń fi ohun tuntun falẹ̀ ń ronú. Kò ronú kankan. Ọ̀gá mi a ní èyí tó wà ṣì ń ṣiṣẹ́. Á tún ní kí àwọn mìíràn kọ́kọ́ rà á ná. Bó bá máa bàjẹ́, kó bàjẹ́ sí wọn lọ́wọ́. Nígbà tí ọkùnrin kan ní Oríta-mẹ́rin rà á, tí kò sì bàjẹ́, ọ̀gá ní kí a dúró de èyí tó máa tún tuntun jù ú lọ. Télọ̀ ẹ̀gbẹ́ wa, tó ṣì ń fọwọ́ yí máṣíìnì nígbà tí gbogbo ayé ti ń fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, máa ń wá jókòó tì í. Àwọn méjèèjì á máa mi orí bí alángbá, wọn á máa pe ìbẹ̀rù ní ọgbọ́n àgbà. Ìgbà laṣọ, ìgbà lẹ̀wù, àwọn baba wa ló sọ ọ́, ṣùgbọ́n àwọn méjì yìí fẹ́ wọ ti àná títí dé sàréè.

Èmi ni mo burú jù. Ọ̀gá bi mí lẹ́ẹ̀mejì pé, "Ìwọ ńkọ́, kí lo rí sí i?" Ohun tí mo rí sí i ni pé fíìmù kékeré yẹn kò gba pẹ́ńsù. Bí a bá rà á, èmi tí wọ́n ń yìn yóò di ọmọ iṣẹ́ ọjọ́ kìíní. N kò sọ èyí. Mo ní, "Ọ̀gá, kò ní láárí. Àwọn oníbàárà wa ò ní fẹ́ ẹ." Oníbàárà kankan ò sì mọ̀ pé mo ti bá òun dáhùn.

Nínú òjò ọdún kejì ni Ìyá Aláṣọ dé, obìnrin kan tó ń ta àńkárá ní Ọjà'ba. Ó mú ìyá tó bí i wá láti Bẹyẹrúnká, arúgbó tín-ín-rín tí orí rẹ̀ ń gbọ̀n. Wọn ò ya ìyá náà ní fọ́tò rí láyé. Ojú ọjọ́ ṣú. Ọ̀gá ní kí wọ́n padà wá lọ́la. Wọ́n padà wá, ó tún ṣú, ṣùgbọ́n ọ̀gá gbìyànjú. Nítorí pé ìmọ́lẹ̀ kò tó, ó ní kí ìyá náà má mira fún ìwọ̀n ìgbà tí ènìyàn lè fi ka Fàtíhà. Ta ló lè bá orí arúgbó wí? Àwòrán náà jáde bí ẹni tí a rí nínú èéfín.

Nígbà kẹta, ọkùnrin méjì láti agbo ilé wọn ló gbé ìyá náà wá. Àìsàn ti dé sí i. Òjò ń lu páànù, inú ṣọ́ọ̀bù dúdú.

"Bùrọ̀dá," Ìyá Aláṣọ sọ fún mi, "wọ́n ní ẹnì kan ní Oríta-mẹ́rin ń fi iná ya fọ́tò, pé òjò ò dí i lọ́wọ́. Ṣé kí n kúkú gbé wọn lọ síbẹ̀?"

Mo wò ó bí dókítà ti í wo aláìsàn. "Ìyá Aláṣọ, ṣé ẹ fẹ́ kí iná yẹn fọ́ wọn lójú ni? Ẹni tó dàgbà tó báyìí! Ẹ ṣe sùúrù, oòrùn á ràn lọ́la."

Ìyá arúgbó náà fúnra rẹ̀ rẹ́rìn-ín. "Ọmọ mi," ó ní, "ọ̀la yín yìí mà pọ̀ o."

Wọ́n gbé e padà sílé. Oòrùn ràn ní ọjọ́ kẹta, ó ràn dáadáa. Ọjọ́ náà ni wọ́n sin ín.

Lẹ́yìn àdúrà ọjọ́ kẹjọ, Ìyá Aláṣọ tún wá. Mo ti múra sílẹ̀ fún èébú, ṣùgbọ́n kò bú ẹnikẹ́ni. "Èyí tí ẹ yà lọ́jọ́ kejì yẹn ńkọ́?" ó béèrè. "Èyí tí kò mọ́lẹ̀. Ẹ fún mi bẹ́ẹ̀. Màá gbà á."

Ọ̀gá wo ojú mi. Mo ti fọ àwòrán náà kúrò lára dígí nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tí a yà á, kí ẹnikẹ́ni má baà rí iṣẹ́ tí kò dára kó sọ pé ọwọ́ mi ló ti wá.

"A ti fọ̀ ọ́," mo ní.

"Ẹ ti fọ̀ ọ́." Ó tún un sọ jẹ́ẹ́, bí ẹni tí kò gbọ́ èdè náà dáadáa. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ó dáa. Ẹ kú iṣẹ́." Ó ká ìborùn rẹ̀ mọ́ra, ó sì sọ̀kalẹ̀ lọ sí ọjà.

Kí oṣù náà tó parí, ọ̀gá ra kámẹ́rà oníná. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo fi kọ́ ọ. Ọjọ́ mẹ́sàn-án péré! Ohun tí mo fi ọdún méjì sá fún kò ju kí n mọ bọ́tìnnì tí mo máa tẹ̀ lọ. Mo ti fi iná yẹn ya àwọn arúgbó tó dàgbà ju ìyá náà lọ, kò sì fọ́ ẹnì kan ṣoṣo lójú.

Lẹ́nu àìpẹ́ yìí, mo jókòó sí ọ́fíìsì ọmọ mi tí wọ́n ń jiyàn lórí kọ̀ǹpútà. Ètò tuntun ti jáde tó yẹ kí wọ́n gbé sí i, ṣùgbọ́n ọmọ mi ní èyí tó wà ṣì ń ṣiṣẹ́, kí àwọn ilé iṣẹ́ mìíràn kọ́kọ́ lò ó ná. Mo bi wọ́n pé, "Ta ni nínú yín ló ń bẹ̀rù pé òun ò ní mọ̀ ọ́n lò?" Ọmọ mi rẹ́rìn-ín. Àgbà òṣìṣẹ́ rẹ̀ wolẹ̀, n kò sì fẹ́ràn rẹ̀ láti ọjọ́ náà, nítorí mo mọ̀ ọ́n ju bó ti mọ ara rẹ̀ lọ.

Ojú ènìyàn ni iṣẹ́ tí mo fi ayé mi ṣe. Títí di òní, mo lè rántí ojú ọ̀gá mi, ti télọ̀, ti ọkùnrin onítáì tó ń ta kámẹ́rà. Nígbà mìíràn mo máa ń di ojú mi kí n lè rí ti ìyá Bẹyẹrúnká. Mo ń gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀. Ojú rẹ̀ ni n kò rí mọ́.