Ọ̀gá Mi Wá Kí Màmá Tí Kò Ṣàìsàn

Irọ́ ni mo pa fún ọ̀gá mi. Mo ní ara màmá mi ò yá, kó lè fún mi láyè lọ́jọ́ Jímọ̀, bẹ́ẹ̀ mo fẹ́ lọ wáṣẹ́ síbòmíràn ni. Ará Ṣáínà ni ọ̀gá yìí, òun ló ni ilé ìkẹ́rùsí tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Dagenham Dock nílùú òyìnbó. Kì í gbani síṣẹ́ láìbéèrè òbí ẹni. Ó máa ń ní ẹni tí kò bọ̀wọ̀ fún ìyá rẹ̀ kò lè bọ̀wọ̀ fún ọ̀gá.

Lọ́sàn-án Sátidé, wọ́n kan ilẹ̀kùn. Mo yọjú lójú fèrèsé. Ọ̀gá mi ni, ó gbé ọsàn àti fúláàsì ọbẹ̀ dání. Màmá wà ní pálọ̀ tó ń lọ sùtánà rẹ̀, tó ń kọrin sókè.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ dùbúlẹ̀! Mo sọ fún ọ̀gá mi pé ara yín ò yá."

Ó gbé áyọ́ọ̀nù sílẹ̀. "Èmi lo gbé àìsàn kà lórí? Lọ ṣílẹ̀kùn."

Ọ̀gá bọ́ bàtà, ó tẹrí ba, ó fọwọ́ méjèèjì gbé ọsàn fún Màmá. Ìgbà náà ló tó wo Màmá dáadáa. Mo ti kúnlẹ̀.

"Ara mi le," Màmá sọ fún un lédè òyìnbó. "Ọmọ mi ló purọ́. Ẹ bá mi dárí jì í."

Ọ̀gá ò jágbe. Ó mu omi tí Màmá bù fún un, ó dágbére, ó lọ. Lọ́jọ́ Ìsinmi, n ò gbọ́ ọ̀rọ̀ kan nínú ìwàásù.

Lọ́jọ́ Ajé, ọ̀gá pè mí.

"Ṣé iṣẹ́ lò ń wá?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Níbo?"

Mo sọ fún un.

"Mo mọ ọ̀gá ibẹ̀. Ká ní o sọ fún mi ni, ǹ bá bá ọ bá a sọ̀rọ̀. Tó bá wá bi mí léèrè báyìí, kí ni kí n sọ?"

Ó yọ mí kúrò nípò olórí àwọn tó ń di ẹrù, ó fi mí sábẹ́ obìnrin tí mo fọwọ́ ara mi kọ́ níṣẹ́. Ibi tí mo wáṣẹ́ lọ ò pè mí rárá. Oṣù mẹ́jọ ni mo tún lò lọ́dọ̀ rẹ̀, bí fóònù rẹ̀ bá sì ti dún, tó wo apá ibi tí mo wà, mo máa ń rò pé ọ̀gá ibẹ̀ ló ń pè é nípa mi.