Egbò Tó Ń Pe Àwọn Ọmọ Wálé

Nọ́ọ̀sì ń tú báńdéèjì kúrò lẹ́sẹ̀ ìyá àgbà, díẹ̀díẹ̀, torí ó ti lẹ̀ mọ́ egbò. Òórùn oògùn apakòkòrò àrùn gba gbogbo yàrá ilé ìwòsàn. Èmi ni mo gbé báàgì ìyá àgbà dání. Ẹ̀rù ń bà mí, nítorí dókítà kan ní Ọ̀wọ̀ ti sọ fún wa pé bí egbò náà bá tún ṣí, ó ṣeé ṣe kí wọ́n gé ẹsẹ̀ náà. Ó sì ti tún ṣí.

Ìyá tó bí ìyá mi ni wọ́n, ahunṣọ sì ni wọ́n, ní Ìpele. Òfì tí wọ́n fi ń hunṣọ fẹ̀yìn ti ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀, bí òfì àwọn obìnrin ọ̀dọ̀ wa ṣe ń rí. Ìró pátákó pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń gbá òwú mọ́ra ló máa ń jí mi láàárọ̀: gbà, gbà, gbà. Bí egbò bá dé, ìró náà á dákẹ́, ilé á wá kún. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi á ti Èkó dé, ìyá mi á ti Àkúrẹ́ dé, a ó se omi gbígbóná, a ó gbàdúrà, ọbẹ̀ á máa ta sánsán. Bí egbò bá jinná, gbogbo wọn á lọ, á ku èmi àti ìyá àgbà.

Mo fẹ́ kí ó yé yín dáadáa. Inú mi máa ń dùn bí wọ́n bá dé, ojú sì máa ń tì mí pé inú mi ń dùn, torí egbò ló mú wọn wá. Ìdùnnú àti ìtìjú yẹn máa ń jà nínú mi bí ọmọ méjì tó ń du ẹní kan ṣoṣo.

Nọ́ọ̀sì náà wo egbò, ó wo apá mi. Àpá tó rí bí ìràwọ̀ kan wà níbẹ̀. Nígbà èso kájú, àwa ọmọdé máa ń fi oje èèpo kóró rẹ̀ ya àwòrán sára. Á jó wa, awọ á bó, etí rẹ̀ á dúdú bí ibi tí iná jó. Etí egbò ìyá àgbà dúdú bákan náà.

"Màmá," ni nọ́ọ̀sì wí jẹ́jẹ́, "ta ló ń fi oje kájú sí i?"

Ìyá àgbà wo òkè àjà.

"Èmi ni."

"Ẹ̀yin fúnra yín?"

"Bó bá ti jinná, àwọn ọmọ á lọ."

Nọ́ọ̀sì kò pariwo. Ó fa àga rẹ̀ súnmọ́ wọn. Ó ní àìsàn tó ti inú ọkàn wá ni èyí náà, pé ẹni tó ń ṣe kì í wá owó, kì í sì í sá fún iṣẹ́. Ó lè ṣe bí ẹni tí ara rẹ̀ kò yá, ó sì lè ṣe ara rẹ̀ léṣe, torí ìgbà tó bá ń ṣàìsàn nìkan ló máa ń rí i pé a ka òun sí. Ó ní ìwòsàn wà fún un, ṣùgbọ́n èébú kọ́ ló ń wò ó sàn.

"Ṣé kí n bá àwọn ọmọ yín sọ ọ́?"

Ìyá àgbà mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

Nígbà tí nọ́ọ̀sì sọ ọ́ fún wọn, ẹ̀gbọ́n ìyá mi bínú. "Gbogbo mọ́tò tí mo ń wọ̀ láti Èkó, irọ́ ni màmá ń pa fún mi?"

"Egbò yìí kì í ṣe irọ́, bùrọ̀dá," ni nọ́ọ̀sì dá wọn lóhùn. " Ẹ wò ó, ó ń dùn wọ́n. Ẹ máa wá nígbà tí kò bá sí egbò. Kí màmá náà máa wá sọ́dọ̀ mi ní Ọjọ́rú, bó dùn wọ́n, bí kò dùn wọ́n."

Bẹ́ẹ̀ la ṣe. A tún mú wọn lọ bá dókítà tó ń tọ́jú irú àìsàn bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ ni wọ́n sì ń jọ sọ jù. Kò rọrùn. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, nígbà tí kájú tún so, mo ti iléèwé dé, mo bá ìyá àgbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò, kóró kájú tútù ní àtẹ́lẹwọ́ wọn. Ẹsẹ̀ wọn ti jinná, awọ tuntun ń dán. Mo fẹ́ já a gbà, mo fẹ́ sunkún, mo fẹ́ sáré pe nọ́ọ̀sì, gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹsẹ̀ mi kò sì gbéra. Wọ́n wò mí. Wọ́n ju kóró náà síná, ó ta pàù.

"Wá bá mi jókòó."

"Ṣé ara yín ò yá ni?"

"Ara mi yá. Wá bá mi jókòó náà."

Mo jókòó. Nígbà tó yá, wọ́n dìde lọ sídìí òfì: gbà, gbà, gbà.

Lọ́jọ́ ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì wa, gbogbo àwọn ọmọ wálé, kò sì sí ẹni tó ń ṣàìsàn. Ìyá àgbà fi ọ̀pá tí wọ́n fi ń rìn sílé. Wọ́n ru iṣu lọ síwájú pẹpẹ, wọ́n ró aṣọ tí wọ́n fọwọ́ ara wọn hun, wọ́n sì ró o sókè kí àpá ojúgun wọn lè hàn.

"Ìyá, ìró yín mà kúrú lónìí," ni ọ̀rẹ́ wọn kan wí.

"Mo mọ̀. Ẹsẹ̀ ni mo gbé wá dúpẹ́."

Gbogbo bẹ́ńṣì wa bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ń nu ojú. Ẹsẹ̀ méjèèjì ni ìyá àgbà fi jó padà.

Mo ti kàwé jáde báyìí, mo ń wá iṣẹ́, yàrá tí mo gbà sì máa ń dákẹ́ jù. Mo mọ̀ pé bí mo bá ní orí ń fọ́ mi, àwọn èèyàn mi á sáré wá, ó sì máa ń wù mí láti sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo gbọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò ni mo máa ń sọ lórí fóònù. Ara mi yá, mo ní. Ẹ wá bá mi jókòó náà.

Wọ́n sì máa ń wá.