Wáyà Tí Mashood So Pọ̀

Ní ọdún 1988, bí mọ́tò bá kọ̀ tí kò ṣáná ní Sábó, Ògbómọ̀ṣọ́, Mashood rìwáyà, tó ń tún iná mọ́tò ṣe, ni wọ́n máa ń ránṣẹ́ pè. Ọ̀rẹ́ tó sún mọ́ ọn jù ni Àkànjí, ọmọ Ìkòyí-Ilé, tí wọ́n jọ kọ́ kéwú lọ́dọ̀ aáfà kan náà. Àkànjí ń fi píkọ́ọ̀pù rẹ̀ kó iṣu àwọn àgbẹ̀ wá sí ìlú.

Lọ́jọ́ kan, wọ́n ti píkọ́ọ̀pù náà dé iwájú ṣọ́ọ̀bù Mashood. Àkànjí ní bí òun bá yí kọ́kọ́rọ́, nígbà mìíràn á dáhùn, nígbà mìíràn á dákẹ́ bí ẹni tí inú ń bí. Mashood tẹ fèrè, ó dún sókè. Ó tan iná iwájú, ó mọ́lẹ̀ yòò. Bátìrì kọ́. Ó fi gúlóòbù kékeré tó fi ń dán iná wò kan wáyà tó lọ síbi sítátà, ó ní kí Àkànjí yí kọ́kọ́rọ́. Gúlóòbù kò tàn. Ó ní kó mi kọ́kọ́rọ́ náà díẹ̀; ó tàn, ó tún kú.

"Súìṣì tí ò ń ki kọ́kọ́rọ́ bọ̀ yìí ló ti jẹ nínú," ni Mashood wí. "Àfi ká pààrọ̀ ẹ̀."

"Ọ̀la lọjà Ìkòyí. Iṣu àwọn èèyàn ti wà nílẹ̀ tó ń dúró dè mí. Bá mi ṣe é kó ṣáà lè ṣáná ná."

SAP, ètò ọrọ̀ ajé tí ìjọba gbé kalẹ̀, ti sọ páàtì mọ́tò di ọ̀wọ́n nígbà náà, kò sí rìwáyà tó ń kó súìṣì pamọ́. Mashood bá tú àwọn wáyà ẹ̀yìn súìṣì, ó bó ẹnu wọn, ó sì fi wọ́n sílẹ̀ lábẹ́ ìtọ́kọ̀. Bí èèyàn bá ti so méjì pọ̀, tó fi ẹ̀kẹta kàn wọ́n, mọ́tò á ṣáná. Kò nílò kọ́kọ́rọ́ mọ́.

"Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n lè wà á lọ o," ló fi kìlọ̀. "Mú un padà wá lọ́jọ́bọ̀, màá ti wá súìṣì."

Àkànjí mú un wá lọ́jọ́bọ̀. Súìṣì tókúnbọ̀ ti wà nílẹ̀. Ṣùgbọ́n Mashood ti tú wáyà bọ́ọ̀sì ńlá kan sílẹ̀, ẹni tó ni ín sì dúró tì í. Pípààrọ̀ súìṣì kò lè gbà ju àsìkò tí èèyàn á fi jẹun àárọ̀. Mashood kò tilẹ̀ gbójú sókè.

"Ṣé ó ṣì ń ṣáná?"

"Ó ń ṣáná dáadáa."

"Ṣebí o rí i pé ọwọ́ mi dí. Wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀."

Àkànjí kò jiyàn. Lọ́jọ́ kejì, ó kó iṣu lọ sí Ọ̀yọ́, ó sì páàkì sẹ́bàá mọ́ṣáláṣí láti kírun Jímọ̀. Nígbà tó jáde, bàtà rẹ̀ ló bá lẹ́nu ọ̀nà, kò bá píkọ́ọ̀pù. Wọ́n wá a títí dé Ìsẹ́yìn. Ọlọ́pàá gba ọ̀rọ̀ sílẹ̀, ọ̀rọ̀ sì kú síbẹ̀.

Àkànjí padà sídìí oko bàbá rẹ̀ ní Ìkòyí-Ilé. Ojú ń ti Mashood láti lọ kí i. Marufat ìyàwó rẹ̀ ló lé e jáde níkẹyìn.

"Bàbá Ràódàt, ẹ lọ wò ó. Bẹ́ ẹ bá jẹ́ kó pẹ́ jù, ẹ ò ní lè lọ mọ́."

Ó bá a nídìí ebè. Bó ṣe fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀bẹ̀, Àkànjí dá a dúró.

"Èmi ni mo ní kó o tú wáyà. Ìwọ kọ́ lo jí i."

"O mú un wá lọ́jọ́bọ̀."

Àkànjí gbé ọkọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Òótọ́ ni. Mo mú un wá."

Ó sun iṣu, wọ́n jọ jẹ ẹ́, ó tún di iṣu fún un lọ sílé. Mashood ìbá fẹ́ kó bú òun.

Láti ìgbà náà, Mashood kì í bá ẹnikẹ́ni so wáyà súìṣì mọ́. Inú bí àwọn oníbàárà kan, wọ́n gbé mọ́tò wọn lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Ìyẹn kò dùn ún. Èyí tó dùn ún ni pé ní ọdún tó tẹ̀lé e, Àkànjí sọmọ lórúkọ ní Ìkòyí láìránṣẹ́ pè é, ẹnu onímọ́tò kan tó wá tún iná ṣe ni Mashood ti gbọ́ ọ.