Ilé Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì Tí Ọ̀gá Mi Bá Wọn Kọ́

Ohùn ni Ọlọ́run fún ọ̀gá mi, Lọ́yà Àkànmú. Kò rántí fún un ní etí.

Lọ́yà tuntun ni mí, ọmọ Onítẹ̀bọmi láti Ògbómọ̀ṣọ́, nígbà tí mo dé ọ́fíìsì rẹ̀ lẹ́bàá Ọjà Akẹ̀sán. Lọ́jọ́ náà gan-an ni Bàbá Láwàní, tí ń fín igbá n'Ísàlẹ̀ Ọ̀yọ́, gbé ẹjọ́ wá. Àlájì Ràímì, olówó àdúgbò wọn, ti ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì sórí ilẹ̀ tí Bàbá jogún, níbi tó ti ń fín igbá jẹun.

“Ẹ fọkàn balẹ̀, Bàbá,” ni ọ̀gá mi wí. “Búlọ́ọ̀kù wọn ò ní ga ju orúnkún yín lọ.”

Àṣé orúnkún òmìrán ló ń sọ!

Kò pẹ́ tí ìjọba ológun ní kí wọ́n yan àwọn tí yóò lọ kọ ìwé òfin tuntun fún Nàìjíríà l'Ábújá. Ọ̀gá mi jáde dupò. Ta ló ń bá a bẹ àwọn kánsẹ́lọ̀ tó máa dìbò? Àlájì Ràímì ni. Ọ̀gá mi wọlé. Láti ìgbà náà, bí wọ́n bá ti pe ẹjọ́ Bàbá, iṣẹ́ tèmi ni kí n tẹríba, kí n ní ọ̀gá mi wà l'Ábújá, kí adájọ́ jọ̀wọ́ sún un síwájú. Ẹjọ́ ń sún, búlọ́ọ̀kù ń gòkè, inú sì ń bí mi.

“Ọ̀gá, ilé yẹn mà ti fẹ́ kan òrùlé,” ni mo sọ fún un lórí tẹlifóònù.

“Ìwọ ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ yìí, ṣé kí n fi òfin Nàìjíríà sílẹ̀ torí ilẹ̀ tí kò ju ẹní lọ?”

Nígbà tó wálé láti Àbújá, tí ìlú ń kí i kú oríire, Bàbá Láwàní gbé igbá ńlá kan wá. Ó fín pẹ̀tẹ́ẹ̀sì sí i, àti ọkùnrin kan tó dé wíìgì lọ́yà, tó ru búlọ́ọ̀kù, tó ń gun àkàbà lọ sókè.

“Ẹ wò ó!” Ọ̀gá mi yọ̀. “Bàbá mọ̀ pé èmi ni mo máa kọ́ ìlú yìí!”

Ó gbé e kọ́ sókè àga rẹ̀. Gbogbo ará Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́ tó bá wọlé ń fi ọwọ́ bo ẹnu. Àlájì nìkan ni kò rẹ́rìn-ín nígbà tó dé. Ó na ìka sí ìràwọ̀ tí Bàbá fín sójú bákónì, irú èyí tí òun náà fi sójú ilé tirẹ̀ gan-an.

“Lọ́yà, ṣé ẹ ò rí i ni? Ilé mi mà nìyí. Ẹ̀yin sì ni lébìrà.”

Ọ̀gá mi ní kó tún un sọ, ó sì tẹ́tí. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn. Kò lè já igbá náà lulẹ̀: ta ní ń ju ẹ̀bùn àgbà nù, nígbà tí gbogbo ìlú ti rí i?

Nígbà tí wọ́n tún pe ẹjọ́, òun fúnra rẹ̀ ló lọ. Ohùn yẹn wúlò lọ́jọ́ náà. Adájọ́ ní kí Àlájì dáwọ́ dúró, nígbà tó sì yá, ó dá ilẹ̀ padà fún Bàbá. Inú ilé tí kò lórùlé yẹn ni Bàbá ń sá igbá sí.

“Ṣé mo sọ fún yín?” ni ọ̀gá mi wí níta kóòtù.

“Ẹ ṣeun, Lọ́yà. Mo tiẹ̀ ti mú igbá míì kalẹ̀ fún yín.”

“Kí lẹ fín sí i?”

“Kò tíì sí nǹkan kan níbẹ̀,” ni Bàbá dáhùn. “Mo ṣì ń wò yín ná.”