Àṣìṣe Tí Mo Pè Ní Tèmi

Mo rántí ọdún tí mi ò fọkàn tán ẹnikẹ́ni ní yàrá olùkọ́ wa ní Dassa-Zoumè, àfi ara mi, ara mi náà ló sì já mi kulẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ kọ̀lẹ́ẹ̀jì, mo sì ń kọ mẹ́múwáà mi lọ́wọ́, ìwé ìwádìí tí yunifásítì fi ń fúnni ní oyè. Ohun tí mò ń wádìí ni ìdí tí àwọn ìwé ìkẹ́kọ̀ọ́ wa kì í fi í jẹ́ kí ọmọ mọ Gẹ̀ẹ́sì í kọ. Yìnyín àti ọkọ̀ ojú irin ni ìwé ń sọ, ọmọ tó ti oko iṣu Kpingni lẹ́bàá ìlú wa wá á kàn da gbogbo rẹ̀ kọ, kò ní mọ ohun tó kọ. Mo wá fọwọ́ ara mi kọ àwọn àyọkà tuntun nípa òkè wa, ọjà wa, àti àwọn tó ń wá gbàdúrà ní Arigbo, ibi ìjọsìn àwọn Kátólíìkì. Lójú mi, ẹnikẹ́ni ò ro irú rẹ̀ rí láyé. Ẹ ò rí ìgbéraga!

Olùkọ́ àgbà kan wà láàárín wa tó kù díẹ̀ kó fẹ̀yìn tì, Gẹ̀ẹ́sì lòun náà ń kọ́ni. Kì í pariwo, kì í bá wa ṣàwàdà, ìdí sì nìyẹn tí mo fi ń fura sí i. Mo ní ẹni tó bá dákẹ́ tó báyẹn, ó ní ohun tó ń pa mọ́. Lọ́jọ́ kan ó gbàgbé ìwé kan sórí ẹ̀rọ fọ́tòkọpí. Mo gbé e. Gbólóhùn tí ojú mi kọ́kọ́ bọ́ sí, orí mi wú: "My mother assisted the Mass at Arigbo with one shoe." Yéè! Gbólóhùn mi rè é! Ìyá tó lọ sí Máàsì ní Arigbo tòun ti bàtà ẹsẹ̀ kan, òun ni mo fi bẹ̀rẹ̀ àyọkà mi kejì. Èèyàn méjì ò lè ṣèèṣì ronú kan bàtà ẹsẹ̀ kan. Olè ti wọ iṣẹ́ mi.

Láti ọjọ́ náà, bí mo bá fẹ́ lọ tọ̀, àpò ìwé mi wà léjìká. Bó bá sún mọ́ kọ́bọ́ọ̀dù, ojú mi ń bá a lọ. Bó bá kí mi pé, "O kú iṣẹ́ o, ọmọ mi," inú mi á ní, iṣẹ́ wo, ṣé èyí tí ẹ jí? Wọ́n ní ìfura loògùn àgbà. Èmi ò tíì dàgbà, àmọ́ mo ti mu oògùn náà yó. Nígbà tí mi ò lè pa á mọ́ra mọ́, mo lọ bá ọ̀gá ilé-ìwé, mo ní olè ni olùkọ́ àgbà, pé ó ń jí mẹ́múwáà mi kọ.

Ọ̀gá pè é síwájú àwa olùkọ́ mélòó kan. Bàbá náà kò bínú. Ó fa kayé kan yọ nínú àpò, ìwé ìkọ̀wé tí etí rẹ̀ ti gbó, òun ló ti fi ń múra iṣẹ́ sílẹ̀ látìgbà tó ti ń kọ́ni. Gbólóhùn mi wà níbẹ̀, tàdáwà rẹ̀ ti ṣá, ó fi pupa yí "assisted" po. Lókè rẹ̀ ló kọ ọ́ gàdàgbà sí pé: Ẹ wá àṣìṣe. Ó wà lórí fọ́tòkọpí tó wà lọ́wọ́ mi náà, ìbínú ni kò jẹ́ kí n kà á.

"Ọmọ mi," ó ní, "mo dìídì ṣi í kọ ni. Ní Faransé, ẹni tó lọ sí Máàsì, 'assister' là ń wí. Ní Gẹ̀ẹ́sì, ìrànlọ́wọ́ ni 'assist'. Ọdọọdún ni mò ń kọ ọ́ sí pátákó, tí a ó tún un ṣe lọ́jọ́ kejì. Ta ló kọ́kọ́ kọ́ ọ ní Gẹ̀ẹ́sì?"

"Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ni, bàbá." Mo dárúkọ rẹ̀.

Ó mirí. "Áà, mo mọ̀ ọ́n. Ó da gbólóhùn yẹn kọ, kò padà wá mọ́. Wọ́n ní ó ti wọ oko."

Bẹ́ẹ̀ ni. Agbára bàbá wa kò gbé àwa méjèèjì níléèwé, ẹ̀gbọ́n mi ní kí wọ́n jẹ́ kí n lọ, òun á ro oko. Síbẹ̀, bó bá ti oko dé, á ka kayé rẹ̀ fún mi, èmi náà á máa wí tẹ̀ lé e, títí ojú ewé tó kẹ́yìn, níbi tí gbólóhùn yẹn wà, fi di tèmi. Ọjọ́ àtúnṣe ni kò sí nínú rẹ̀. Mo bú sẹ́kún níwájú gbogbo wọn, mo kúnlẹ̀, mo bẹ bàbá náà. Ó ní ó ti tán.

Mo tún àyọkà náà ṣe, mo kọ orúkọ bàbá náà àti ti ẹ̀gbọ́n mi síwájú mẹ́múwáà mi, mo sì gboyè. Bàbá ti fẹ̀yìn tì báyìí. Mo máa ń lọ kí i nílé, inú rẹ̀ a sì máa dùn, á ní kí wọ́n fún mi lómi, á béèrè ẹ̀gbọ́n mi. Ṣùgbọ́n kí n tó jókòó, á kọ́kọ́ rọra da ojú ìwé tó ń kọ délẹ̀.