Kìnnìún Nọ́fíù Kò Mọ Ìbínú Ṣe

Lọ́jọ́ tí Olóyè Akínọlá onípákó ṣí ilé rẹ̀ tuntun ní Atikori, aṣọ funfun ni wọ́n fi bo kìnnìún sìmẹ́ǹtì tó wà lórí òpó ọ̀tún géètì. Nọ́fíù tó mọ ọ́n dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó káwọ́ sẹ́yìn. Wọ́n ká aṣọ kúrò, kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́. Ẹranko náà lanu, eyín rẹ̀ pé, èékánná rẹ̀ gùn, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ dà bí ojú ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi ìsìnkú dé. Ìyá Nimotalahi, arúgbó àdúgbò, sún mọ́ òpó náà, ó fọwọ́ kan ẹsẹ̀ kìnnìún.

"Pẹ̀lẹ́ o," ó ní. "Ta ló kú?"

Èrò bú sẹ́rìn-ín. Olóyè nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

"Nọ́fíù! Kìnnìún tí yóò lé olè ni mo ní kí o mọ. Bí olè bá bá èyí níbí, á ní kó jókòó kí wọ́n jọ sọ̀rọ̀!"

"Ẹ wo eyín rẹ̀, Olóyè. Eyín méjìlélọ́gbọ̀n ni mo fi sí i. Ẹ fi eyín dárí ojú jì í."

"Ta ló ń sọ ti eyín? Ó ku èkejì, ti òpó òsì. Bí ìyẹn náà bá ní ojú ọ̀fọ̀, màá wó méjèèjì."

Nọ́fíù ro ọ̀rọ̀ náà wò. Bí wọ́n bá wó kìnnìún rẹ̀ lójú gbogbo ìlú, ta ni yóò tún gbéṣẹ́ fún un? Bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ yẹn nìkan ló kù fún un láyé.

Ẹ má rò pé kò mọṣẹ́. Ogún ọdún ni kìnnìún rẹ̀ fi dẹ́rù ba ewúrẹ́ láti Atikori títí dé Abigi. Dígí ló fi ń ṣiṣẹ́. Á gbé e kọ́ ara igi ìbẹ́pẹ, á wo ojú ara rẹ̀ nínú rẹ̀, á sì fi ọ̀bẹ àti ṣíbí gbẹ́ ohun tó rí sára sìmẹ́ǹtì kó tó gbẹ. Iṣẹ́ Asimawu ìyàwó rẹ̀ ni láti mú inú bí i.

"Bàbá Raheemah, ológbò lẹ tún mọ yìí o. Ṣé kí n fún un lẹ́ja?"

Inú á ru Nọ́fíù, á sáré dé iwájú dígí, ojú á le koko. Bó bá parí, àwọn méjèèjì á jọ rẹ́rìn-ín, wọ́n á jọ jẹ ìkọ́kọrẹ́.

Kí iṣẹ́ Olóyè tó dé, Asimawu kú. Raheemah ọmọ wọn wà nílé ọkọ ní Abigi, orí fóònù ló ti ń kí bàbá rẹ̀. Gbogbo ìlú wá ń fi ọ̀wọ̀ kí Nọ́fíù: "Ẹ kú ìrọ́jú, Bàbá." Wọ́n á kí i tán, wọ́n á kọjá lọ. Ó lè tó ọjọ́ mẹ́ta kí ẹnikẹ́ni tó bá a jiyàn. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn pọ̀ fún un.

Àwòrán kìnnìún ọ̀fọ̀ náà dé orí fóònù àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì. Wọ́n ń gun ọ̀kadà bọ̀ láti Àgọ́-Ìwòyè wá wò ó. Ọmọ́tọ́lá tó ń kọ́ iṣẹ́ ọnà wò ó títí tó fi sunkún, kò sì lè sọ ohun tó ń pa á lẹ́kún. Olùkọ́ rẹ̀ ní kí Nọ́fíù wá bá wọn sọ̀rọ̀.

"Bàbá, kí lẹ fẹ́ kó wà nínú ọkàn ẹni tó bá wo iṣẹ́ yín?" akẹ́kọ̀ọ́ kan bi í.

"Ẹ̀rù. Ìbínú ni mo fẹ́ kí kìnnìún náà ṣe. Òun ló kọ̀."

Wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Nọ́fíù rò pé wọn ò gbọ́ òun ni, ló bá tún un sọ. Wọ́n tún pàtẹ́wọ́.

Ọmọ́tọ́lá ló sin ín délé, òun ló sì gbọ́ ìtàn Asimawu àti dígí. Ó gba ọ̀dọ̀ Olóyè lọ, ó rò ó fún un.

"Èébú nìkan ló kù?" Olóyè ní. "Ṣé èébú ló wọ́n lọ́jà? A jọ lọ sílé ìwé ni. Èmi á bú u."

Ọjọ́ kejì, lẹ́yìn ìrun alásárì, Olóyè dé. Kò tilẹ̀ kí i. "Ìwọ Nọ́fíù, orí rẹ bí àpò sìmẹ́ǹtì tí òjò pa!"

Nọ́fíù gbé àpótí fún un. "Ẹ jókòó, Olóyè. Ẹ tún un sọ."

Inú kò bí i rárá. Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti torí tirẹ̀ jáde nílé wá bá a.

Ojoojúmọ́ ni Olóyè ń wá. Ó bú aṣọ rẹ̀, ó bú ìrìn rẹ̀. Lọ́jọ́ keje, ó ní, "Ìwọ tó o jí ẹ̀pà mi ní kíláàsì kejì!"

"Ẹ̀yin lẹ jí tèmi!" Ojú Nọ́fíù le, ó sáré síwájú dígí, ṣùgbọ́n kó tó débẹ̀, ẹ̀rín ti gbà á.

Lọ́jọ́ kẹsàn-án, kìnnìún kejì parí. Ó lanu, eyín rẹ̀ pé, ojú rẹ̀ sì jẹ́ ojú ẹni tó rí ọ̀rẹ́ rẹ̀ lókèèrè tó ń bọ̀. Olóyè dúró níwájú rẹ̀ títí. Nọ́fíù ń wolẹ̀, ọ̀bẹ àti ṣíbí wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Éè bínú," Olóyè ní. "Kò bínú rárá."

"Mo gbìyànjú, Olóyè."

"Irọ́ lò ń pa. O ò gbìyànjú kankan." Olóyè fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. "Jẹ́ kí wọ́n gbé e sórí òpó."

Títí di òní, ẹni tí ọ̀ràn bá dùn máa ń dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó ọ̀tún. Ẹni tó bá bímọ tàbí tó yege ìdánwò a lọ ya fọ́tò lọ́dọ̀ ti òsì. Olè kò tíì wọ ilé náà. Ẹnikẹ́ni kò mọ ìdí rẹ̀.

Olóyè kò sì dẹ́kun lílọ. Iṣẹ́ ti parí, ọdún mẹ́rin ló fi ń lọ bú ọ̀rẹ́ rẹ̀ láìsí kìnnìún kankan tí wọ́n fẹ́ mọ.

Ọjọ́ Jímọ̀ kan ni Nọ́fíù kú, wọ́n sì sin ín lọ́jọ́ náà. Lẹ́yìn fìdáù ọjọ́ kẹjọ, bí wọ́n ti kírun alásárì tán, Olóyè mú ọ̀pá rẹ̀, ó forí lé ọ̀nà. Ó ti dé ẹnu ilẹ̀kùn Nọ́fíù kó tó rántí.

Kò lè padà. "Alágídí," ó ní sí ilẹ̀kùn. "O lọ, o ò dágbére. Ta ni kí n máa bú báyìí?"

Ilẹ̀kùn ṣí. Raheemah ni, ó ń kó ẹrù bàbá rẹ̀, òun nìkan nínú ilé. Ó kúnlẹ̀.

"Ẹ wọlé, Bàbá," ó ní. "Ẹ bá mi bú u díẹ̀. Èmi nìkan ò lè dá a bú tán."

Wọ́n jókòó. Wọ́n bú Nọ́fíù títí wọ́n fi pe ìrun mọ̀gàrìbì, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, ojú wọn kò sì gbẹ.