Àǹtí Muínátù àti Tíṣà Jóòbù

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Ikosi, bí ẹran Iléyá bá ti jinná nílé wa, èmi ni mo máa ń gbé àwo ti Bàbá Ìjọ lọ fún wọn. Ilé kẹta sí tiwa ni olórí ṣọ́ọ̀ṣì yìí ń gbé. Wọ́n á gba ẹran, wọ́n á lá ọbẹ̀ tó kán sí wọn lọ́wọ́, wọ́n á wá gbàdúrà pé kí Ọlọ́run la ojú àwa Ìmàle. Bó bá di Kérésì, ìrẹsì á ti ọ̀dọ̀ wọn wá. Bàbá wa àgbà á jẹ ẹ́ tán pátápátá kí wọ́n tó rántí pé onígbàgbọ́ ló sè é.

Àfi ìgbà tí Àǹtí Muínátù, àbúrò bàbá mi, ní Tíṣà Jóòbù lòun máa fẹ́. Ọmọ ìjọ Bàbá Ìjọ ni tíṣà yìí. Bí àwọn tó ń jẹun ara wọn ṣe di ọ̀tá nìyẹn. Bàbá àgbà ní, “Àfi kó wá kírun.” Bàbá Ìjọ ní, “Àfi kó ṣèrìbọmi.” Bí àǹtí mi bá ń lọ ata, omijé rẹ̀ á máa kán sórí ọlọ. Ẹ̀rù ń ba èmi pé ọbẹ̀ á níyọ̀ jù.

Nígbà tó sú tíṣà, ó mú Míìsì wá bá wọn bẹ̀bẹ̀. Òyìnbó arúgbó tó ń kọ́ni níléèwé wọn ni Míìsì. Ìjọ tí wọ́n ń pè ní Kuékà ló ń lọ, àwọn tí kì í ní àlùfáà, tí wọ́n máa ń jókòó jẹ́ẹ́ bí wọ́n bá ń jọ́sìn. Mo yọjú lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ìyá mi fa etí mi, mo tún padà síbẹ̀. Míìsì kàn jókòó, kò sọ̀rọ̀. Ó pẹ́ títí. Bàbá Ìjọ ti ń hanrun kí Míìsì tó la ẹnu.

Ó ní, “Ní ìjọ tiwa, àlùfáà kọ́ ló ń so ọkọ pọ̀ mọ́ aya. Ọlọ́run ni. Ẹlẹ́rìí làwa.”

Bàbá àgbà bi í pé, “Ṣé ẹ̀yin máa ń fẹ́ ẹlẹ́sìn mìíràn?”

“Nísinsìnyí, bẹ́ẹ̀ ni. Láyé àtijọ́, wọ́n ń lé ẹni tó bá fẹ́ ará ìta kúrò nínú ìjọ. Wọ́n lé ìyá ìyá mi. Wọ́n lé wọn títí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ku àga nìkan.”

Ìyá wa àgbà bú sẹ́rìn-ín. “Ẹ gbọ́ àbí? Ẹ máa lé wọn. Ẹ ó rí ẹni tó máa sin yín.”

Síbẹ̀, àwọn bàbá méjèèjì kọ̀ jálẹ̀. Kọ́ọ̀tù l'Ékòó ni àǹtí mi àti tíṣà ti ṣègbéyàwó, Ìyá àgbà nìkan ló bá wọn lọ látilé wa. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ ìkómọ, àwọn bàbá méjèèjì ló kọ́kọ́ dé! Ọ̀kan ní Lásísì lorúkọ ọmọ, èkejì ní Ísáàkì ni. Wọ́n ń jà, ọmọ ń ké. Ìyá rẹ̀ gbé e, ó pè é ní Àyọ̀dé, ó fún un lọ́mú.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, a máa ń sọ pé ayé ti là báyìí. Lóṣù tó kọjá, ọmọ ọmọ mi mú ọkọ àfẹ́sọ́nà wálé. Mùsùlùmí bíi tiwa ni, kì í mutí, ó níṣẹ́ lọ́wọ́. Ìyá ọmọ ọmọ mi ní àwọn ò fẹ́. Mo ní kí ló dé. Ó ní ẹgbẹ́ àdúrà ọmọkùnrin náà yàtọ̀ sí tiwa, ṣòkòtò rẹ̀ ò dé ọrùn ẹsẹ̀.

Kí n má parọ́ fún yín, èmi náà ti fojú wọn ṣòkòtò náà.